Ilẹ̀ Tí Mo Gbá Lábẹ́ Kọfí Bàbá Mi

Òórùn òdòdó kọfí ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe ti kọfí inú agolo tí à ń pò sínú omi gbígbóná o, òdòdó rẹ̀ ni mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀ pé igi kọfí máa ń yọ òdòdó. Funfun báláú ni, ó sì máa ń ta sánsán. Ní ọdún tí kọfí bàbá mi kọ́kọ́ yọ òdòdó, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu àdúgbò wa ní Igbó-Elérin, èéfín títì Badagry ṣì wà nímú mi, jẹnẹrétọ̀ ń ké lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ mo gbọ́ òórùn náà kí n tó dé ẹnu géètì. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi wà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, òdòdó ti rọ, ó ti dúdú mọ́ ẹ̀ka, ó wá kù sọ́wọ́ Ọlọ́run bóyá yóò di èso.

Bàbá mi kì í ṣe àgbẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n fi tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní ọjà Àlàbá, àpá irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó òjé sì wà ní gbogbo ìka wọn. Nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, iṣẹ́ kan gbé wọn lọ sí orí òkè Mambilla, ní Tàràbà lọ́hùn-ún, níbi tí òtútù ti máa ń mú èèyàn bíi pé inú fíríìjì lèèyàn jókòó sí. Ọkùnrin tó gbà wọ́n lálejò níbẹ̀ fún wọn ní kọfí Arábíkà tó hù lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó yan án lójú wọn, ó lọ̀ ọ́, ó sè é. Háà, a gbọ́ ìtàn ife kọfí yẹn nílé wa! Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, màmá mi á ní, "Bàbá Kọfí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká simi." Àwa ọmọ á rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà á rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ní dákẹ́.

Nígbà tí màmá mi kú, ọwọ́ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n kò lè jó òjé mọ́ wáyà. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n wálé, wọ́n jókòó. Bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi jókòó sójú kan náà, tí wọ́n ń wo ògiri. Èmi ni àkọ́bí, aṣọ ni mò ń rán ní Ìyànà Ìbà, kò sì sí ọkọ tó máa dá mi dúró, ni mo bá kó ẹrù mi padà sọ́dọ̀ wọn, torí ẹ̀rù ń bà mí pé ikú ni wọ́n jókòó dè.

Ohun tó gbé wọn dìde ni àpò kékeré kan tó dé láti Tàràbà. Ọmọ ọkùnrin tó gbà wọ́n lálejò ní Mambilla lọ́jọ́sí ló fi í ránṣẹ́ sí wọn. Irúgbìn kọfí ló wà nínú rẹ̀, oríṣi Arábíkà mẹ́ta, bébà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Típíkà, tó máa ń ga, tí ọ̀mùnú ewé rẹ̀ máa ń pọ́n bí idẹ, Katúrà, tó kúrú, tó ṣù mọ́ra, àti Katímọ̀, tí wọ́n ní àìsàn kì í tètè mú. Bàbá mi rẹ ẹ́ sómi, wọ́n gbìn ín sínú ọ̀rá omi tí mo ti mu tán. Oṣù kan kọjá, èkejì ń parí lọ, kò sóhun tó hù. Mo ní, "Bàbá, irúgbìn yìí ti kú."

Wọ́n ní, "Kò kú. Ó ń ronú ni."

Nígbà tó ronú tán, ó yọrí. Kóró rẹ̀ wà lórí rẹ̀ gbagidi, bí ọmọ tó ru igbá. Mẹ́tàdínlógún ló dàgbà tó ohun tí à ń yọ nínú ọ̀rá lọ gbìn sílẹ̀. Ọkùnrin kan nínú ìjọ wa tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba wá wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Kọfí olókè nìyí, òtútù ló fẹ́. Ooru Èkó á pa á. Ẹ jẹ́ ká wá Robústà, kọfí ilẹ̀ gbígbóná, fún yín, ìyẹn á gba ibí."

Bàbá mi ní, "Mo mọ̀. Èmi ò fẹ́ tà á. Tí mo bá ti rí ife kan ṣoṣo mu níbẹ̀ kí n tó lọ, ó tán."

Ife kan ṣoṣo. Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ kó o fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, torí gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, orí rẹ̀ ló bọ́ sí.

Ẹ̀yìnkùlé wa kò tó àbọ̀ pulọ́ọ̀tì, iyanrìn sì ni gbogbo rẹ̀. Bàbá mi gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi àgúnmániyè sáàárín kí ó lè ṣíji bo kọfí. Wọn kò fi kẹ́míkà kankan sí i. Wọ́n lu ihò abẹ́rẹ́ sí ike omi, wọ́n gé ìdí rẹ̀ kúrò ká lè máa rọ omi sí i, wọ́n tẹ ẹnu rẹ̀ bọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, kí omi máa kán díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á gba ọ̀nà Okokomaiko lọ, wọ́n á kó èérún igi bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà. Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, ewé ilé tiwa, ewé ilé aládùúgbò, abẹ́ igi kọfí náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ó nípọn débi pé ẹsẹ̀ á rì sínú rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ohun tó máa ń bí mi nínú nìyẹn. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Kí oòrùn tó yọ, màmá mi gbọ́dọ̀ rí ipa ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀ àgbàlá, ìlà ìlà, bí ẹni fi ìyarun yà á. Tí kò bá sí ìlà, wọ́n á ní n kò gbálẹ̀, wọ́n á ní kí n tún un gbá. Báyìí ni mo wá ń gbé nínú ilé tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dà bí ààtàn, tí àwọn aládùúgbò ń bi mí léèrè bóyá ejò ni à ń sìn. Ẹnu mi ò dákẹ́. Bí mo bá ti gbé ìgbálẹ̀ débẹ̀, bàbá mi á ní, "Má gbá ibẹ̀." Ó tán. Wọn kì í ṣàlàyé. Ìgbà tí wọ́n ń tún rédíò ṣe náà, oníbàárà ò lè sọ pé wọ́n sọ ohun tó ṣe é fún òun; bó bá ti kú, wọ́n á ní ó ti kú; bí kò bá kú, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á gbé e fún ọ.

Ọdún kẹta ló yọ òdòdó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Òjò àkọ́rọ̀ ló pè é jáde. Bàbá mi gbé àga síbẹ̀ láàárọ̀, wọn ò kúrò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ooru sì ṣe ohun tí ọkùnrin ìjọba yẹn sọ: òdòdó já, ó já, ó já. Díẹ̀ ló di èso. Bàbá mi mọ iye èso tó wà lórí igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kà á fún mi tí mo bá ń jẹun. Títí òjò fi lọ, àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀, kò pọ́n. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ọdún ń parí lọ, ọ̀kan nínú Katímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lápá kan. Wọ́n pè mí kúrò nídìí máṣíìnì kí n wá wò ó. Mo ní, "Ó ti ń pọ́n lóòótọ́." Wọ́n ní, "Ó kù díẹ̀." Mi ò rí ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú wọn rí látìgbà tí màmá mi ti kú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àìsàn dé. Ẹsẹ̀ wọn wú, èémí wọn ò jálẹ̀ mọ́. Mo gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọsibítù kan lọ́nà Ìbà, dókítà ní ọkàn wọn ló rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò níbẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń rọ omi sínú ike wọ̀nyẹn kí n tó lọ wò wọ́n, torí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi mí nìyẹn. Kò sọ́jọ́ tí mo fò.

Nígbà tí dókítà ní wọ́n lè máa lọ sílé, ìyá ìjọ wa pè mí. Aláṣọ funfun ni wá, o mọ̀. Ìyá ìjọ ní, "A ń bọ̀ wá dúpẹ́ nílé yín lọ́jọ́ tí bàbá bá dé o. Gbogbo akọrin ń bọ̀." Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tí mo pa fóònù ni mo ronú ibi tí wọ́n máa dúró sí. Pálọ̀ wa ò gbà ju èèyàn mẹ́jọ lọ. Ẹ̀yìnkùlé nìkan ló kù, aláṣọ funfun kì í sì í wọ bàtà tó bá ti wọ sùtánà. Ṣé kí ẹlẹ́sẹ̀ lásán ogún ó lé wá máa tẹ ewé jíjẹrà àti èérún igi? Kí àkekèé wá ta ìyá ìjọ lẹ́sẹ̀ nílé bàbá mi? Ẹ gbà mí o. Mo ní èmi á gbá a, tí wọ́n bá ti lọ tán, màá wá ewé mìíràn dà sí i, bàbá mi ò ní mọ̀.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Mo fi ọwọ́ kó ewé náà. Lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ tutù, ó dúdú, ó kún fún ekòló. N kò rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní Igbó-Elérin. Àwọn nǹkan tín-ín-rín funfun kan ti hù wọnú ewé jíjẹrà náà, bí òwú tí mo fi ń ránṣọ. Mo rò pé gbòǹgbò èpò ni. Mo fà á já. Ibi tí kò já, mo fi ọkọ́ ha á. Mo kó gbogbo rẹ̀ síwájú géètì, mo sun ún. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìgbálẹ̀, mo gbá iyanrìn náà títí ìlà fi hàn lára rẹ̀, mo sì dúró tí mo ń wò ó. Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo rò pé tí màmá mi bá rí i, wọ́n á yìn mí.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi dé. Mo fà wọ́n lọ́wọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Àwọn akọrin ti dúró sáàárín kọfí, funfun lórí iyanrìn funfun. Bàbá mi dúró. Wọ́n wo ilẹ̀ náà láti ìdí igi àkọ́kọ́ títí dé ti ìkẹyìn.

"Ta ló gbálẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá. Kí àwọn aládùúrà lè ríbi dúró."

Wọ́n wo ojú mi. Wọ́n ní, "O ṣé. Ó mọ́." Ìyá ìjọ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ wo ilẹ̀ bí àwo! Ọmọ yìí dáa o, Bàbá." Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin. Mo gbé àga wá fún bàbá mi, wọ́n jókòó, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n na ọwọ́ kan sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí iyanrìn. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà.

Ọyẹ́ dé, oòrùn ọ̀sán rẹ̀ le ju ti ìgbàkígbà lọ. Mo wá ewé díẹ̀, mo tú u ká síbẹ̀, mo ní mo ti ṣe tèmi. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ewé Típíkà ti ń ká kò bí ewé tábà. Mo rọ omi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, iyanrìn mu ún bíi pé n kò da nǹkan kan síbẹ̀. Bàbá mi ò ka èso fún mi mọ́ nídìí oúnjẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, mi ò bá wọn ní yàrá. Géètì ṣí sílẹ̀. Mo jáde, mo ń wá wọn. Òpópónà kejì ni mo ti rí wọn, níwájú ilé-ìwé kan, lábẹ́ igi fúrúùtù. Wọ́n wà lórí eékún, wọ́n ń kó ewé gbígbẹ sínú àpò ìrẹsì, èémí wọn ń sáré. Àwọn obìnrin méjì tó ń lọ síbi iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wọ́n bí ẹni ń wo wèrè. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Bàbá! Ṣé kò sí o? Dókítà ní ẹ ò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan!"

Wọn ò gbójú sókè. "Ilẹ̀ ń gbóná," wọ́n ní. "Gbòǹgbò kọfí kì í jìn. Òkè ló ń rìn, inú ewé ló ti ń wá omi."

Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé gbòǹgbò kọfí ni òwú funfun tí mo fà já. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo pa á."

Wọ́n ní, "Dìde, aṣọ rẹ ń dọ̀tí. Èmi ni mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ."

Ìbá ṣe pé wọ́n bú mi ni! Èmi tí o mọ̀ yìí, ẹnu mi ò rọ̀, wọ́n ìbá bú mi, n ìbá fèsì, a ìbá jọ pariwo, ara mi ìbá fúyẹ́. Mo gbé àpò náà sórí, mo mú wọn lọ sílé. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni n kò fi ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Mo kó ewé nílé-ìwé, mo kó o ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kó o lẹ́bàá títì, àwọn ọlọ́kadà ń pè mí ní ìyá elewé. Àfọwọ́fà ni, kò sẹ́ni tí mo lè bínú sí. Ó ti pẹ́ jù. Típíkà ló kọ́kọ́ kú, gbogbo rẹ̀. Katúrà tẹ̀ lé e. Èso wọn dúdú sára ẹ̀ka láìpọ́n, ó le koko bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Katímọ̀ méjì péré ló ṣẹ́ kù, èso orí wọn sì pọ́n lójijì, ṣáájú àsìkò rẹ̀, bí ẹni tó ń sáré.

Èso náà kún ọwọ́ kan péré. Bàbá mi jókòó sórí àga, wọ́n ń sọ bí màá ṣe ṣe é, mò ń ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sọ ìdí gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Mo bó èèpo rẹ̀, mo rẹ ẹ́ sómi kí yíyọ̀ ara rẹ̀ lè kúrò, mo sá a sórí atẹ títí ó fi gbẹ, mo fi ọwọ́ ra èèpo gbígbẹ tó kù lára rẹ̀ dànù. Mo yan án nínú ìkòkò kékeré, mo lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Nígbà tí mo sè é, tí mo sẹ́ ẹ, ife kan ló jẹ́. Kò tilẹ̀ kún.

Mo gbé e fún wọn lẹ́yìnkùlé. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó má baà dà. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún mu. Wọn ò yára, wọn ò sì ṣẹ́ ẹ kù. Mo dúró níwájú wọn bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

"Báwo ni, Bàbá?"

"Ó dùn," wọ́n ní. "Bí ti orí òkè yẹn gan-an ló rí."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo gba ife náà, mo sáré wọ ilé ìdáná kí wọ́n má baà rí mi. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí èmi náà mọ bí adùn tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré ṣe rí, mo gbé e sẹ́nu, mo lá a.

Ó kan, ó sì korò. Ó ń run bí àgbàdo tó jóná lórí iná tí wọ́n gbàgbé. Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi lórí síńkì. Ọkùnrin tó ń sọ fún oníbàárà lójú ara rẹ̀ pé tẹlifíṣọ̀n rẹ ti kú, má wulẹ̀ náwó sí i, ló jókòó síta tó mu nǹkan yìí tán pátápátá, tó ní ó dùn.

Nígbà tí mo padà jáde, wọ́n wò mí. "Ṣé o tọ́ ọ wò?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ ti mu ún tán."

Wọ́n mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," wọ́n ní.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn le gan-an ni wọ́n kú, lójú oorun. Ọkùnrin ìjọba yẹn sọ fún mi lọ́jọ́ ìsìnkú pé bí mi ò tilẹ̀ gbálẹ̀, kọfí yẹn ò lè dùn ní Èkó, ooru ò ní jẹ́ kó dùn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Kò tù mí nínú. Ohun tí mo ń gbé kiri kì í ṣe ikú àwọn igi yẹn. Lọ́jọ́ tí mo gbé ife kọfí yẹn fún wọn, nígbà tí mo wọ yàrá mi lẹ́yìn náà, mo wo dígí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí wà ní ètè mi lókè, dúdú, ó hàn kedere. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró níwájú bàbá mi tí mo ní mi ò tọ́ ọ wò. Wọ́n rí i. Wọ́n rí i, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ kí n máa rò pé mo fi nǹkan pa mọ́ fún wọn. Bí a ṣe fẹ́ràn ara wa tó nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ mọ́.